Ọjọ́ mẹ́ta ní Liverpool nígbà òtútù: ìdáhùn fún Ìyá Ayọ̀

Ìyá Ayọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds, kọ̀wé pé ìyá òun, ẹni ọdún 68, ti dé láti Abẹ́òkúta láti wá bá wọn ṣe ọdún Kérésìmesì. Orúnkún ń yọ Màmá lẹ́nu, òtútù sì ń bà wọ́n lẹ́rù, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn kò ní padà sílé láì fojú kan Liverpool, nítorí ibẹ̀ ni bàbá wọn ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun ní ọdún 1956 nígbà tó wá kẹ́kọ̀ọ́. Ayọ̀, ọmọ ọdún 9, yóò bá wọn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní, láti ọjọ́ 27 sí ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá. Ó béèrè pé: kí ni èèyàn rí ṣe ní ìlú etí òkun nínú òtútù, àbí inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni gbogbo àwọn yóò jókòó sí?

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Ìyá Ayọ̀. Ẹ má ṣe fagi lé ìrìn àjò náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ní Liverpool, kíkó àlejò káàkiri ìlú sì ni iṣẹ́ tí mo ṣe jù níbẹ̀. Àwọn tí mo rí pé òtútù ń fìyà jẹ ni àwọn tó fẹ́ lo ọjọ́ wọn bí ẹni pé oṣù Keje ni wọ́n wà: wọn yóò sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, wọn yóò rọra jẹun di ọ̀sán, wọn yóò wá jáde lọ sí etí omi ní aago mẹ́ta, nígbà tí ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ní ìparí oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ni oòrùn máa ń yọ ní Liverpool, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń wọ̀. Wákàtí méje ààbọ̀ péré ni ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ní, kùrukùru sì lè gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá jẹ́ ti etí omi, ẹ ṣe é láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì, kí ẹ fi ohun tó wà lábẹ́ òrùlé sí ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá pa èyí nìkan mọ́, ọjọ́ mẹ́ta yóò kéré fún yín.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti òtútù náà, nítorí òun ló ń ba Màmá lẹ́rù. Òkun kì í jẹ́ kí Liverpool tutù tó àárín ilẹ̀, yìnyín kì í sì í sábà dúró pẹ́ níbẹ̀. Ní ojúmọmọ, láàárín 3 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó sábà máa ń wà. Atẹ́gùn ni ẹ ní láti ṣọ́ra fún. Ọyẹ́ tí Màmá mọ̀ nílé gbẹ ni, ètè ni í máa là, ẹsẹ̀ ni í máa fún ní eruku. Òtútù etí odò Mersey rin gbingbin, ó sì máa ń wá ibi tí aṣọ ti pàdé aṣọ kó tó wọlé. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a gbé lé ara wọn sàn ju kóòtù ńlá kan ṣoṣo lọ, bí èyí tó wà lókè pátápátá bá jẹ́ irú tí atẹ́gùn kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi fìlà onírun sí orí Màmá lábẹ́ ìborùn, kí ẹ sì fún wọn ní bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, nítorí òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ etí odò máa ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀ sí i. Agbòjò kò wúlò níbẹ̀. Mo ti rí agbòjò tí atẹ́gùn yí inú rẹ̀ síta ní Pier Head, gbàgede etí odò ìlú náà, tó pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ, inú ike ìdalẹ̀nù tó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń sùn.

Pier Head yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, nítorí òun ni Màmá tìtorí rẹ̀ wá. Ibi tí àwọn èrò tó ń bọ̀ láti Èkó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà ni wọ́n ń pè ní Prince's Landing Stage. Omi Mersey máa ń kún, ó sì máa ń fà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè tó mítà 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí omi bá kún jù. Èbúté tí a fi òkúta kọ́ kò lè bá irú omi bẹ́ẹ̀ lò. Wọ́n wá ṣe èbúté tó léfòó, tó ń bá omi gòkè tó sì ń bá a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fi afárá tó lè yí ìdúró rẹ̀ padà so ó mọ́ ilẹ̀. Ibùdókọ̀ ojú irin kan, Riverside, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ òkun lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí London tààrà láì tíì fẹsẹ̀ kan ìgboro. Wọ́n ti ibùdókọ̀ náà pa ní 1971, wọ́n sì tú èbúté tó léfòó náà ká ní àwọn ọdún 1970. Ẹ kò ní bá a níbẹ̀ mọ́, kí ẹ sì sọ èyí fún Màmá kí wọ́n tó gbéra, kí ó má bàa dà bí ìjákulẹ̀. Ṣùgbọ́n omi yẹn kò kúrò. Bí ẹ bá gba Princes Parade, ní apá àríwá Pier Head, ẹ ó dé ibi tí àwọn ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ti ń gúnlẹ̀ lónìí. Etí omi kan náà nìyẹn, ilé mẹ́ta tí bàbá wọn yóò ti kọ́kọ́ rí láti orí ọkọ̀ sì ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Ilé mẹ́ta náà ni Port of Liverpool Building, tí wọ́n parí ní 1907, Royal Liver Building ti 1911, àti Cunard Building tó wà láàárín wọn, tí wọ́n parí ní 1917. Orí Royal Liver Building ni ẹyẹ bàbà méjì tó na ìyẹ́ wà. Àwọn ará ìlú máa ń sọ pé bí àwọn ẹyẹ náà bá fò lọ, Liverpool ti tán nìyẹn. Ẹ sọ ìyẹn fún Ayọ̀, kò ní gbé ojú kúrò lókè mọ́.

Ọkọ̀ tó ń na Liverpool sí Èkó ní 1956 jẹ́ ti iléeṣẹ́ Elder Dempster. Mẹ́ta ni wọ́n: Accra, Apapa, àti Aureol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, òun ló tóbi jù, òun náà ló sì pẹ́ jù lójú omi. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ìrìn àjò náà máa ń gbà, wọ́n sì máa ń yà ní Las Palmas àti Freetown lójú ọ̀nà. Ní 1972 ni Aureol kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton, ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni ó sì ṣíwọ́ kíkó èrò sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní Pier Head kan náà, ẹ wá ère ìrántí Alfred Lewis Jones, olówó tó darí Elder Dempster kó tó kú ní 1909. Òun náà wà lára àwọn tó dá Bank of British West Africa sílẹ̀ ní 1894, báńkì tí gbogbo wa ń pè ní First Bank lónìí, Liverpool sì ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí kan náà ló fi owó bẹ̀rẹ̀ Liverpool School of Tropical Medicine ní 1898, nítorí àìsàn ń pa àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní etí òkun wa. Ibẹ̀ ni Ronald Ross ti ń kọ́ni nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902 lórí bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà kiri.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí atẹ́gùn kò bá le, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi Mersey láti Pier Head lọ sí Seacombe, kí ẹ sì bá a padà. Láti 1330 ni Ọba Edward Kẹta ti fún àwọn àlùfáà Birkenhead ní àṣẹ láti máa tu èrò kọjá odò yìí, iṣẹ́ náà kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ náà ní yàrá ìsàlẹ̀ tó móoru tó sì ní fèrèsé, Màmá lè jókòó síbẹ̀ kí Ayọ̀ máa sáré lórí rẹ̀. Èmi kò mọ ibòmíràn tí ìlú náà ti wuni tó bí ẹ bá ń padà bọ̀ láti apá kejì, tí ilé mẹ́ta wọ̀nyẹn ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀: bí bàbá Màmá ṣe rí i nìyẹn. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ náà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nítorí wọ́n máa ń dín ìrìn rẹ̀ kù nígbà òtútù, wọ́n sì máa ń fagi lé e bí ìjì bá ń jà.

Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, Museum of Liverpool ti wà níwájú yín, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè wà níbẹ̀, ìjókòó pọ̀, fèrèsé ńlá tó kọjú sí odò sì wà lókè. Ẹ lo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní níbẹ̀.

Ó ní ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹ má bàa rìn lásán. International Slavery Museum, tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń fẹ́ kọ́kọ́ béèrè, àti Maritime Museum tí wọ́n jọ wà nínú ilé kan ní Royal Albert Dock, ti wà ní títì láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 fún àtúnkọ́ ńlá, 2028 ni wọ́n sì fojú sí fún ṣíṣí wọn. Tate Liverpool tó wà nítòsí wọn náà ti wà ní títì fún àtúnṣe láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ẹ ṣì lè rìn yí Royal Albert Dock ká, ilé bíríkì pupa àti òpó irin rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1846 dára lójú, ó sì sé atẹ́gùn mọ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi odindi ọjọ́ kan sí i.

Ìtàn òwò ẹrú kò sì sí nínú ilé kan ṣoṣo ní Liverpool, ara ògiri ìlú ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Àwọn ọkọ̀ tó ti ibẹ̀ gbéra ló kó nǹkan bí ìdajì gbogbo àwọn ọmọ Áfíríkà tí àwọn oníṣòwò Britain kó kọjá òkun Àtìláńtíìkì, ìyẹn nǹkan bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn. Bí ẹ bá ti Pier Head gba Water Street gòkè, ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó rí ilé tó jẹ́ ti Martins Bank nígbà kan rí, níbi tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú méjì tí wọ́n gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ti gbé àpò owó dání. Àti Town Hall, tí orí ọmọ Áfíríkà, erin àti ọ̀nì wà lára ọ̀ṣọ́ tó yí òkè ògiri rẹ̀ ká. Mo ti mú àgbà lọ wo ibẹ̀ tí wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi padà dé òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n èmi yóò mú un lọ.

Ọjọ́ kejì ni ti òkun gan-an. Mersey odò ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun, Crosby ni kó lọ. Ọkọ̀ ojú irin Merseyrail láti Liverpool Central tàbí Moorfields, tó ń lọ sí ọ̀nà Southport, yóò gbé yín dé Waterloo tàbí Blundellsands & Crosby ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Lórí iyanrìn níbẹ̀ ni ọgọ́rùn-ún ère onírin dúró sí, gbogbo wọn kọjú sí òkun, wọn kò wọ nǹkan kan, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Antony Gormley ló ṣe wọ́n, ara òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ tí wọ́n fi rọ wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó 650 kílò, wọ́n sì nà tó kìlómítà mẹ́ta ní etí òkun. Ní 2005 ni wọ́n gbé wọn débẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró ní etí òkun Jámánì, Norway àti Belgium, ìjọba ìbílẹ̀ sì gbà ní 2007 pé kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Nígbà tí omi bá kún, àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á rì dé ọrùn tàbí kí wọ́n má hàn mọ́ rárá. Nígbà tí ó bá fà, wọ́n á tún jáde pẹ̀lú ìgbín òkun lára wọn.

Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ nígbà òtútù ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, n kò sì purọ́. Nínú oṣù Keje, àwọn èèyàn a máa fi àwọn ère náà kọ́ aṣọ, wọ́n á dé fìlà lé wọn lórí, ariwo á pọ̀. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn kì í gòkè púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ́ lórí omi láti ọ̀sán, òjìji ère kọ̀ọ̀kan á gùn bí òpó iná, ẹni tó sì mọ òkun láti Bar Beach yóò rí i pé òkun mìíràn gbáà ni èyí: ó rẹlẹ̀, ó dúdú bí eérú, ìró ìgbì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ ibi tí wọ́n fi kọ́nńkéré tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn náà tẹ́jú, kò ní àtẹ̀gùn. Ẹ gba tákísí láti ibùdókọ̀ ojú irin dé etí òkun nítorí orúnkún Màmá. Láti orí ọ̀nà tó tẹ́jú yẹn ni wọ́n ti lè rí ère tó pọ̀ tó láì tẹ iyanrìn.

Ẹ̀yin àti Ayọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ bá àwọn ère tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Lọ́dún kan, mo mú àlejò méjì lọ láì kọ́kọ́ wo àtẹ àkókò tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ère tó jìnnà jù. A dé ibi tí iyanrìn ti di ẹrọ̀fọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé orúnkún, nígbà tí a sì fi máa fà á yọ láì sí bàtà rẹ̀ kan, omi ti yí wa ká lẹ́yìn nínú kòtò tí a ti rékọjá bí ilẹ̀ gbígbẹ. Kò ga ju kókósẹ̀ lọ, a sì jáde láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán ni arákùnrin náà fi rìn padà sí ibùdókọ̀ nínú òtútù Ṣẹ́rẹ́. Àtẹ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Wákàtí tí omi bá ń fà lọ ni ẹ yàn, kì í ṣe wákàtí tó bá ń padà bọ̀.

Wákàtí kan ààbọ̀ tó fún etí òkun. Ẹ padà sí ìgboro kí òtútù tó wọ egungun, kí ẹ sì gba William Brown Street lọ, tó wà níwájú ibùdókọ̀ Lime Street. Ilé mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀ ni mo máa ń fi gba ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. World Museum ni ti Ayọ̀: ẹja wà láàyè níbẹ̀, kòkòrò wà, egungun ẹranko ńlá àtijọ́ wà. Ó sì ní ohun tí Màmá yóò dúró wò, nítorí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arnold Ridyard, ẹnjiníà nínú ọkọ̀ Elder Dempster, kó ohun iṣẹ́ ọwọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì láti etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wá fún un láàárín 1895 sí 1916. Ilé kejì ni Central Library, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ilé ìkàwé mú yín rékọjá rẹ̀: Picton Reading Room tó wà nínú rẹ̀, yàrá róbótó kan láti 1879 tí ìwé yí ògiri rẹ̀ ká dé òkè, dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó móoru, àga rẹ̀ sì gba àgbà tí ẹsẹ̀ ń ro. Ẹ̀kẹta, Walker Art Gallery, àwòrán ni. Bí agbára bá ṣì wà, ẹ yọjú.

Ọjọ́ kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fi sí ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Chester, tó ń gba abẹ́ odò kọjá, kí ẹ sọ̀ ní Bebington tàbí Port Sunlight, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Abúlé tí William Lever kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọṣẹ rẹ̀ láti 1888 nìyẹn. Ilé tó lé ní 800 ló wà níbẹ̀, ọgbà òdòdó, ojú ọ̀nà tó mọ́ tónítóní, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Sunlight ni orúkọ ọṣẹ náà, òun ni abúlé sì fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni epo. Nígbà tí òfin fòpin sí òwò ẹrú ní Britain ní 1807, púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Liverpool kò kúrò ní etí òkun wa. Epo pupa ni wọ́n yí sí, nítorí ẹ̀rọ ń bẹ tó ń fẹ́ ọ̀rá àti ọṣẹ ń bẹ tó yẹ kí wọ́n sè. Nígbà tó yá, èkùrọ́ náà wọ ọjà. Ẹ̀yin yóò rántí pé àdín èkùrọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú tipẹ́. Ọgbọ́n kan náà ni Lever fi di ọlọ́lá, ẹ̀rọ àti ìpolówó nìkan ló fi kún un. Ó fẹ́ gba ilẹ̀ oko ọ̀pẹ ńlá ní Nàìjíríà, ìjọba amúnisìn kò sì gbà fún un, nítorí náà èkùrọ́ wa ṣì ń ti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa jáde. Ní Kóńgò tí wọ́n ti fún un ní ilẹ̀, iṣẹ́ tipátipá wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá ń gbádùn òdòdó Port Sunlight kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn. Ní 1920 ó ra Niger Company. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1929, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì pè é ní United Africa Company. Màmá kò nílò àlàyé UAC lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Lady Lever Art Gallery, tí ó kọ́ ní ìrántí ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n sì ṣí ní 1922, wà ní àárín abúlé náà, ọ̀fẹ́ ni, ó móoru, ilé oúnjẹ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti lo àkókò yín tán.

Ẹ padà sí Liverpool kó tó di aago mẹ́ta, kí ẹ lọ parí rẹ̀ sí Hope Street, òpópónà tí kàtídírà méjì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ti Ánglíkà ni kí Màmá fi ṣe tiwọn. Òun ló tóbi jù ní gbogbo Britain. 1904 ni ọba fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì di 1978 kí wọ́n tó parí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé Giles Gilbert Scott tó ya àwòrán rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 22 ti kú kí ó tó pé. Bí ẹni tó ń jọ́sìn ní Saint Peter's, Aké, bá wọ inú rẹ̀ nígbà tí iná Kérésìmesì ṣì wà lára rẹ̀, tí akọrin bá ń kọrin, kò sí ohun tí mo tún lè fi kún un. Ìwọlé jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn tó bá fẹ́ gun òkè ilé ìṣọ́ rẹ̀ ló ń sanwó. Ẹ̀rọ agbénilọsókè méjì wà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kù lẹ́yìn wọn, kí Màmá dúró sísàlẹ̀. Ti Kátólíìkì tó wà ní orí kejì, róbótó ni, 1967 ni wọ́n ṣí i, gíláàsì aláwọ̀ mèremère tó wà lókè rẹ̀ sì máa ń tàn dáadáa bí oòrùn bá jáde. Òpópónà náà tó ìdajì máìlì, ẹ fi tákísí gbé Màmá.

Àwọn nǹkan tí mo fò kọjá, mo mọ̀ pé wọ́n wà. Àwọn Beatles gbajúmọ̀ níbẹ̀ ju ohun gbogbo lọ, ẹ ó sì rí Cavern Club ní Mathew Street, ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ orin wọn ni Màmá fi dàgbà, ẹ fi owó yín ra oúnjẹ. Bọ́ọ̀lù: bí Ayọ̀ bá fẹ́ wo Anfield, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àwòrántà ṣáájú, nítorí kò sí i ní ọjọ́ ìdíje. Everton tí Amokachi gba FA Cup pẹ̀lú wọn ní 1995 ti kó kúrò ní Goodison Park lọ sí pápá tuntun ní etí odò, ní Bramley-Moore Dock. Palm House ní Sefton Park, ilé gíláàsì tí wọ́n kọ́ ní 1896, ní ọ̀pẹ nínú, Màmá á rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí ọ̀pẹ tí wọ́n ń fi gíláàsì bò nítorí òtútù. Ẹ kọ́kọ́ wádìí, nítorí wọ́n máa ń tì í fún ìgbéyàwó.

Ní ti oúnjẹ, scouse ni ti ìlú náà, òun ni wọ́n sì fi ń pe àwọn ará ibẹ̀: ẹran àgùntàn tàbí ti màlúù tí wọ́n sè pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà títí yóò fi ki. Ó dára fún òtútù, kò ní ata rárá. Ẹ fi ata gígún sínú báàgì, kí ẹ má tijú. Bí ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti ọbẹ̀ bá dìde, Lodge Lane ní Toxteth ni kí ẹ lọ, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà àti ti àwọn Lárúbáwá ti to lẹ́sẹẹsẹ. Ìtòsí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn dúdú ti ń gbé láti ìran dé ìran, ṣáájú kí ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní Britain tó mọ̀ wọ́n.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé ọkọ̀ ojú irin kì í rìn ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, díẹ̀ ló sì máa ń rìn ní ọjọ́ 26. Láàárín ọjọ́ yẹn sí ọdún tuntun ni wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe jù, nítorí náà ẹ wo ọ̀nà Leeds sí Liverpool ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Bí ọ̀kan nínú ọjọ́ yín bá bọ́ sí Ajé, ẹ fi Crosby sí i.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ṣe ohun kan fún Màmá. Ìwé orúkọ àwọn èrò tó bá ọkọ̀ òkun wọ Britain láti 1878 sí 1960 wà ní National Archives ní Kew, wọ́n sì ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti ń wá ìtàn ìdílé. Ẹ fi orúkọ bàbá wọn wá a pẹ̀lú ọdún 1956 àti Liverpool. Ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi bí akọ̀wé òyìnbó ṣe lè ṣi orúkọ Yorùbá kọ. Bí ẹ bá rí i, orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tó gúnlẹ̀ yóò wà lórí ojú ewé náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ fi sínú ọ̀rá kí òjò má bàa pa á, kí ẹ sì gbé e fún Màmá ní Princes Parade ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti wà lẹ́yìn yín tí omi sì wà níwájú. Àga onígi wà níbẹ̀. Ẹ mú aṣọ kan dání láti fi nù ún kí wọ́n tó jókòó.